Kí ẹni tó ní ohùn kan ṣoṣo ni Ìsìláàmù ní wá jókòó ní mítìn alájẹṣẹ́kù wa

Olóòtú wa,

Àsàláámù àléékùmù, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, ẹ kú àfaradà ọ̀wọ́n bébà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín, ọ̀sẹ̀ tówó ò bá sí, mo máa ń dúró kà á lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ títí tó fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bákan, torí náà ẹ má rò pé ọ̀tá yín ló ń kọ̀wé. Lẹ́tà kan tẹ́ ẹ gbé jáde láti ọwọ́ ààfáà kan ló jẹ́ kí n mú bírò. Ààfáà yẹn ní tó bá dọ̀rọ̀ ohun tó dáa àtohun tí ò dáa, ohùn kan ṣoṣo ni Ìsìláàmù ní, pé halálì hàn, haráàmù hàn, ó ti parí, ẹni tó bá wá ń sọ pé òun fẹ́ fi làákàyè wo nǹkan, ìwé òyìnbó ló ti dà á lórí rú. Àwọn èèyàn ti ya fọ́tò lẹ́tà náà, wọ́n ń gbé e kiri orí WhatsApp, ó dé gúrúùpù mọ́sálásí wa, àwọn kan sì ti ń fi ṣẹ́gun ara wọn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, tí ààfáà fi ṣe ẹ̀rí yẹn kúrò nílẹ̀. Nu'man ọmọ Bashir ló gbà á wá, ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari, ó wà nínú ti Muslim, òun ló ṣìkẹfà nínú ogójì hádíìsì tí Nawawi kó jọ, ọmọ kéwú tí ò tíì hu irùngbọ̀n á kà á fún ẹ lórí. Ààfáà mú ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀. Ohun tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ ni pé halálì hàn, haráàmù hàn, àmọ́ àárín àwọn méjèèjì làwọn nǹkan tó rújú wà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Àárín yẹn lọ̀rọ̀ wà. Kò sẹ́ni tó nílò wáàsí kó tó mọ̀ pé olè jíjà ò dáa, àárín yẹn la ti ń tajà, ibẹ̀ la ti ń yáwó, ibẹ̀ la ti ń fọmọ fọ́kọ, ẹni tó bá wá gé àárín kúrò nínú hádíìsì, kí ló kù tó fẹ́ wá kọ́ wa?

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, olùkọ́ ilé kéwú ni mí ní Ìwó níbí, èmi náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mọ́sálásí wa. Mi ò ní dárúkọ mọ́sálásí ọ̀hún, àwọn àgbà wa ò fẹ́ ariwo. Bí alájẹṣẹ́kù ṣe ń rí níbi gbogbo náà ló rí lọ́dọ̀ wa, oníkálùkù ń dáwó, ẹni tó bá nílò á kọ̀wé, ẹni méjì á dúró fún un, a ó yá a. Látìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá gba ₦100,000 á dá ₦105,000 padà, a ń pe ₦5,000 orí ẹ̀ ní owó ìwé, kò sì sẹ́ni tó bá wa jà. Àfi bí ùstáàsì kan, ọmọ wa tó lọ kàwé ní Mẹ̀dínà, ṣe dìde ní mítìn lẹ́yìn ìrun jímọ̀, ó ní owó ìwé wo, èlé ni, ó sì ka ibi tí Ọlọ́hun ti kéde ogun fún àwọn tí ò bá fi èlé sílẹ̀ nínú Súrà Bákárà. Alága wa dá a lóhùn pé ọ̀fẹ́ kọ́ là ń ra bébà, akọ̀wé ń wọ ọ̀kadà lọ báǹkì, ṣé kó máa fi owó àpò ara ẹ̀ wọ̀ ọ́ ni. (Akọ̀wé tí wọ́n ń sọ yẹn, èmi ni, mo sì dákẹ́ jẹ́ẹ́.) Ariwo ta, àwọn kan ní alága ti darúgbó, àwọn kan ní ọmọdé ń rí àgbà fín.

Ohun tí ùstáàsì wá ní ká máa ṣe ni mùrábáhà, irú èyí táwọn báǹkì Ìsìláàmù bíi Jaiz tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012 ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rọ ìlọta, a ò ní kówó fún un mọ́, ẹgbẹ́ fúnra ẹ̀ á lọ ra ẹ̀rọ náà ní ₦100,000, á tà á fún onítọ̀hún ní ₦110,000, á wá máa san án díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́wàá. Ìyá kan tó ń ta gaàrí wà níwájú lọ́dọ̀ àwọn alásàlátù, ó fìka ṣírò ẹ̀, ó ní, "Ùstáàsì, ẹ má bínú o. ₦5,000 lẹ ní ó ń gbé wa lọ sínú iná, ₦10,000 ló wá fẹ́ gbé wa dé àlùjánnà?" Gbogbo mọ́sálásí bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́mọ́mù náà ń fi bàbàrìgá bo ẹnu.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ùstáàsì ò bínú. Ó ní ọ̀rọ̀ tí ìyá sọ yẹn, Ọlọ́hun ti dáhùn ẹ̀ tipẹ́, ó ka á síwájú wa, níbi tí àwọn tó ń jẹ èlé ti ní òwò ṣíṣe àti èlé bákan náà ni, tí Ọlọ́hun sì ní Òun ṣe òwò lẹ́tọ̀ọ́, Òun ṣe èlé léèwọ̀. Ó wá ṣàlàyé pé ìyàtọ̀ wà ńbẹ̀ lóòótọ́: kí ẹ̀rọ yẹn tó dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ rà á, ẹgbẹ́ ló ni ín, tí iná bá jó o nílẹ̀ yẹn, ẹgbẹ́ ló pàdánù, àti pé tẹ́ ẹ bá ti lẹ́ ẹ tà á ní ₦110,000, kódà kí ẹni tó rà á pẹ́ kó tó san án, kọ́bọ̀ ò lè gorí ẹ̀ mọ́, kò dà bí lóònù tó ń bímọ lóru. Àlàyé gidi ni. Ṣùgbọ́n ìyá onígaàrí ò tíì jókòó. Ó ní, "Ìgbà wo lẹ̀yin wá ni ín? Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ló máa gbé e sínú kẹ̀kẹ́ wá sílé mi tààrà, ẹ ò ní fojú rí i rí." Ibẹ̀ ni ùstáàsì ti dákẹ́ díẹ̀.

Ẹ wò ó, ìjà tí wọ́n jà ní mọ́sálásí wa yẹn, pé ṣé làákàyè lè sọ ohun tó dáa àbí ìwé nìkan, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti jà á ní Basra nílẹ̀ Ìráàkì. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mu'tazila, wọ́n ní ọ̀dọ̀ Wasil ọmọ Ata tó yọra ẹ̀ kúrò níjókòó olùkọ́ ẹ̀, Hasan al-Basri, ni wọ́n ti ṣẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé irọ́ burú torí pé irọ́ ni, àbòsí burú torí pé àbòsí ni, làákàyè tí Ọlọ́hun fún èèyàn tó o rí i kí ìwé tó dé rárá, ìwé wá dé láti fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀ àti láti sọ ohun tí làákàyè ò lè dá mọ̀, bí iye rákà ìrun. Al-Ash'ari, tó kú ní nǹkan bí ọdún 935, ọ̀dọ̀ wọn ló ti kàwé dàgbà kó tó kẹ̀yìn sí wọn, ó ní rárá o, ohun tí Ọlọ́hun pa láṣẹ ló dáa, ohun tó kọ̀ ni ò dáa, kò sẹ́ni tó lè fi òṣùwọ̀n ara ẹ̀ wọn Ọlọ́hun.

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ nípa bó ṣe fi olùkọ́ ẹ̀, al-Jubba'i, sílẹ̀. Ó bi í nípa ọmọ ìyá mẹ́ta, ọ̀kan dàgbà ó gba Ọlọ́hun gbọ́, ọ̀kan dàgbà ó ṣe kèfèrí, ọ̀kan kú ní kékeré. Tí èyí tó kú ní kékeré bá ní, Olúwa mi, kí ló dé tí O ò jẹ́ kí n dàgbà kí n lè rí ipò bíi ti ẹ̀gbọ́n mi? Al-Jubba'i ní Ọlọ́hun á sọ fún un pé mo mọ̀ pé tó o bá dàgbà wàá ṣe kèfèrí, ikú yẹn ló dáa fún ẹ. Al-Ash'ari ní, tí kèfèrí bá wá pariwo látinú iná pé, Olúwa mi, èmi ńkọ́, kí ló dé tí O ò pa èmi náà ní kékeré? Wọ́n ní olùkọ́ ò rí èsì. Bóyá bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn o, bóyá wọ́n tún un sọ ni, àmọ́ ìbéèrè yẹn ṣì ń ta èèyàn lára.

Àwọn méjì wọ̀nyí nìkan kọ́ ló sì sọ̀rọ̀. Al-Maturidi ní Samarkand, tó kú ní 944, tí àwọn ará Tọ́kì àti ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Íńdíà ń tẹ̀ lé, gbà pé làákàyè lè mọ dídáa àti bíburú àwọn nǹkan kan. Ibn Taymiyya, tó kú ní 1328, ẹni táwọn tó dé láti Mẹ̀dínà ò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣeré, kò fara mọ́ al-Ash'ari lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun náà gbà pé làákàyè ń rí ibi tó burú nínú ìṣe, ó kàn ní ìyà ò ní jẹ èèyàn lórí ẹ̀ àfi lẹ́yìn tí òjíṣẹ́ bá ti dé. Èwo wá nínú wọn ni òyìnbó, ààfáà?

Èmi fúnra mi, ìmọ̀ Ash'ari ni wọ́n fi wò mí dàgbà, ìwé kékeré tí wọ́n ń pè ní Sanusiyya la fi kọ́ ìmọ̀ Ọlọ́hun, òfin Maliki la fi ń gbé ìgbésí ayé wa nílẹ̀ Yorùbá níbí àti káàkiri ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Imam Malik ọ̀hún, wọ́n gbà á wá pé nígbà tí kálífà fẹ́ fi ìwé ẹ̀ ṣe òfin kan ṣoṣo fún gbogbo Mùsùlùmí, ó kọ̀, ó ní àwọn sàábà Ànábì, àwọn tó bá a gbé ayé, ti tú ká sí ìlú oríṣiríṣi, ìmọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ibì kan lọ́tọ̀, tibòmíì lọ́tọ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ohùn ẹ̀ ṣe ohùn kan ṣoṣo ló kọ̀ ọ́ fúnra ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èlé gan-an ńkọ́? Kò sí Mùsùlùmí tó ní èlé dáa, ìwé ti sọ ọ́. Kí ni èlé, níbẹ̀ ni wàhálà wà. Umar ọmọ al-Khattab, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, wà lọ́dọ̀ Ànábì fún ọdún gbọọrọ, ó ní ohun mẹ́ta wà tó wu òun kí Ànábì ti là yé wa kó tó fi wá sílẹ̀, àwọn oríṣi èlé kan sì wà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Bukhari àti Muslim ló gbé e. Tí Umar bá lè sọ bẹ́ẹ̀, ààfáà wa tó rí gbogbo ẹ̀ kedere kú oríire. Lóde òní náà, àwọn onímọ̀ òfin tí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí kó jọ sí Jẹ́dà sọ ní 1985 pé èlé báǹkì gbogbo, haráàmù ni. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀, ní 1989, Tantawi tó jẹ́ mufti Íjíbítì nígbà yẹn, ìyẹn ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè òfin ẹ̀sìn fún orílẹ̀-èdè, tó wá di olórí al-Azhar, ilé ìmọ̀ ńlá tó wà ní Káírò, lẹ́yìn náà, ní èrè orí ìwé owó tí ìjọba ń tà fáwọn ará ìlú ò sí lára ẹ̀, Qaradawi àti ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kọjú ìjà sí i. Kò sẹ́ni tó jẹ́ ọmọdé nínú wọn. Nàìjíríà náà gbé sukuk, ìwé owó ìjọba tí ò ní èlé, ₦100 bílíọ̀nù jáde ní 2017, àwọn àjọ ọmọlẹ́yìn Kírísítì fárí gá pé wọ́n fẹ́ sọ orílẹ̀-èdè di ti Mùsùlùmí, owó yẹn sì wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí gbogbo wa jọ ń gbà, a kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ táyà.

Ibi tó wá kan ìyá onígaàrí nìyí, ẹ fún mi láyè díẹ̀, torí ibẹ̀ ló dùn jù. Ká ní mo fẹ́ yá ẹ lówó, mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mo jẹ èlé. Mo ta ewúrẹ́ mi fún ẹ ní ₦60,000, o ní oṣù mẹ́fà lo máa san án. Lójú ẹsẹ̀ mo tún ra ewúrẹ́ yẹn padà lọ́wọ́ ẹ ní ₦50,000, mo kówó lé ẹ lọ́wọ́. Ewúrẹ́ ò kúrò níbi tí wọ́n so ó mọ́, kò tiẹ̀ gbórí sókè, ìwọ gba ₦50,000 lónìí, wàá san ₦60,000 tó bá yá. Imam Shafi'i, onímọ̀ òfin bíi ti Malik, ní òwò ni òwò ń jẹ́, tí ẹ̀yin méjèèjì ò bá ti fi ìkan ṣe àdéhùn ìkejì, ó dúró, Ọlọ́hun ló mọ inú. Malik ní rárá, ewúrẹ́ yẹn ò wá sọ́jà, ẹ kàn fi bo èlé lójú ni, ilẹ̀kùn yẹn gbọ́dọ̀ tì. Malaysia, tí wọ́n ń tẹ̀ lé Shafi'i, lo irú òwò yìí nínú báǹkì Ìsìláàmù wọn, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Lárúbáwá ò gbà fún wọn. Ẹ ò rí i pé ìyá tí ò mọ Malik yàtọ̀ sí orúkọ ọmọ àdúgbò, ìbéèrè Malik ló bi ùstáàsì: ṣé ẹ̀rọ yẹn dé ọwọ́ yín lóòótọ́, àbí ewúrẹ́ lásán ni? Kò ta ko Kùránì. Ohun tí wọ́n ń ṣe lórúkọ Kùránì ló ní kí wọ́n fi han òun.

Àwọn kan máa ní kéèyàn má béèrè ìdí, kó ṣáà tẹ̀ lé e. Ó dáa, Fakhr al-Din al-Razi, Ash'ari paraku, ìgbà tó dé ibi èlé nínú tafsíìrì ẹ̀, ìwé tó fi ṣàlàyé Kùránì, ó to ìdí tó fi jẹ́ èèwọ̀ sílẹ̀, pé gbígba owó olówó láìfún un ní nǹkan kan ni, pé ó ń sọ olówó di ọ̀lẹ tí ò ní ṣòwò mọ́, pé ó ń pa àánú láàárín èèyàn, pé olówó ló sábà ń yáni, tálákà ló ń yá a. Ó ní kódà ká má mọ ìdí, a ó fi í sílẹ̀ náà ni, àmọ́ kò ní ká má béèrè.

Mò ń bọ̀ níbi tí inú ti bí mi. Nígbà tá à ń bá ìjà yìí lọ, alága ní ká má tíì yá ẹnikẹ́ni lówó ná. Iléèwé wọlé, ọjà ò tà, làwọn ìyá tó ti kọ̀wé sí wa bá gba ọ̀dọ̀ àwọn gbọ́mú-lé-lántà lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbowó wọn, wọ́n á kó àwọn obìnrin sí gúrúùpù, tí ẹnì kan ò bá rí tiẹ̀ san, àwọn yòókù ò ní kúrò ńbẹ̀ àfi tí wọ́n bá dá a pé. Ìyá ọmọ iléèwé mi kan gbà á, ọ̀sẹ̀ kan ò ṣeé ṣe fún un. Ọmọbìnrin tó ń gbowó gbé bẹ́ǹṣì sí iwájú ilé ẹ̀ láti àárọ̀, kò bú u, kò pariwo, ó kàn jókòó ó ń tẹ fóònù, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló mọ ohun tó ń dúró dè, ìyá wà nínú yàrá kò lè jáde lọ pọnmi. Àwọn ọmọ sọ fún un pé ìyá àwọn ti lọ sóko, ó ní òun máa dúró dè é tó bá ti oko dé. Súrà Bákárà kan náà tí ùstáàsì kà fún wa, kò jìnnà síbi tó ti kà á, ni Ọlọ́hun ti ní tí ajigbèsè bá wà nínú ìnira, kẹ́ ẹ lọ́ ọ lára títí nǹkan á fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn, tẹ́ ẹ bá wá fi ta á lọ́rẹ, ó dáa fún yín jù. Kò sí Maliki, kò sí Shafi'i, kò sí ará Basra tó jiyàn lórí ìyẹn, èmi ò sì tíì gbọ́ wáàsí kan lórí ẹ̀ ní àdúgbò wa. Wáàsí lórí fìlà, lórí pàtẹ́wọ́ níbi nikáì, ìyẹn ò wọ́n.

Mi ò rò pé ó yẹ kéèyàn ṣí ìwé kankan kó tó mọ̀ pé bẹ́ǹṣì yẹn ò dáa. Pẹ̀lú gbogbo Sanusiyya tí mo há sórí, ọ̀rọ̀ àwọn Mu'tazila ará Basra wọ̀ mí létí lọ́jọ́ yẹn.

Síbẹ̀ mi ò lè kó gbogbo ẹ̀ lé làákàyè lọ́wọ́, torí mo jókòó ti ìwé owó ẹgbẹ́, mo mọ iye tí oníkálùkù ní ńbẹ̀. Àwọn tówó wọn pọ̀ lápò ẹgbẹ́, làákàyè wọn ń sọ fún wọn pé owó ìwé ò burú rárá, ẹ̀rí ọkàn wọn mọ́ tónítóní, wọn ò sì rántí pé látinú ẹ̀ ni èrè ìparí ọdún wọn ti ń wá. Àwọn tó ń yáwó, làákàyè tiwọn ní ìnilára gbáà ni. Ẹnì kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ onígbèsè lọ́dún tó kọjá tó ń bú owó ìwé, ó ti san án tán báyìí, ó ti lówó ńbẹ̀, èrò ẹ̀ ti yí padà. Ká ní al-Ash'ari wà ní mítìn wa, ẹ̀rín lì bá máa rín. Ohun tí òun ń sọ ò ju pé kí òṣùwọ̀n wà níta ọwọ́ ẹni tó ń tajà, ìyẹn náà sì mọ́gbọ́n wá.

Ìdí tí mi ò fi gbà fún ààfáà yín nìyẹn. Tó bá ní ohùn kan ṣoṣo ló wà, ìyá onígaàrí ò ní lè béèrè, ùstáàsì ò ní lè ṣàlàyé, alága ló máa kù nìkan, owó ìwé ẹ̀ sì máa wà ńbẹ̀.

Ohun tá a wá fẹnu kò sí fún ìgbà tí mò ń kọ̀wé yìí ni pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra nǹkan, ẹgbẹ́ á rán èèyàn lọ rà á ní tòótọ́, ẹrù á kọ́kọ́ dé yàrá ẹ̀yìn mọ́sálásí kó tó di pé a tà á, èrè orí ẹ̀ ò ní ju ₦6,000 lọ lórí ₦100,000, ẹni tó bá sì wá tọrọ torí àìsàn tàbí owó iléèwé ọmọ, a ó yá a ní ọ̀fẹ́, iye tó gbà ló máa dá padà. Inú alága ò dùn sí ti ọ̀fẹ́ yẹn. Ùstáàsì ò fọkàn tán ₦6,000. Owó ọ̀kadà akọ̀wé, wọn ò tíì sọ̀rọ̀ ẹ̀. Tí ààfáà yín bá ní èsì, kó kọ ọ́ ránṣẹ́, ẹ sì bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde bó ṣe rí, ẹ má gé ibi ewúrẹ́ yẹn kúrò, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó dáhùn.

Èmi ni,
Olùkọ́ ilé kéwú kan, Ìwó, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun